Bẹ́ ẹ ṣe lè máa fún àwọn ọmọ yunifásítì tó ń ṣeré fún wa lówó, tówó náà á sì dé ọwọ́ wọn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọkọ̀ láti Abuja lọ wo bọ́ọ̀lù ilé ìwé yín àtijọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. A máa ń kọrin, a máa ń lùlù, ohùn wa á há, tí wọ́n bá borí a ó gbé fọ́tò wọn sórí status, a ó padà sílé, a ó sùn. Àwọn ọmọ tó fi àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú sáré yẹn ńkọ́? Nígbà àkọ́kọ́ tí mo bá wọn lọ, a wọ ọkọ̀ ojú irin láti Kubwa dé Rigasa ní Kaduna, a tún wọ bọ́ọ̀sì, ìgbà tá a máa débẹ̀, mo bá àwọn ọmọ náà lọ́dọ̀ mai shayi kan lẹ́yìn gééti, wọ́n tó mẹ́rìnlá, búrẹ́dì mẹ́ta ni wọ́n ń pín. Kóòṣì wọn ló ń fọwọ́ ya á, ó ń kà á bí ẹni ń ka owó, ó wá fún kípà ní ìdí búrẹ́dì torí ó ní ibẹ̀ ló nípọn jù. Wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọmọ yìí kan náà là ń pariwo lé lórí pé wọn ò sáré tó. Ojú tì mí gan-an. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ò ti kúrò lọ́kàn mi, èmi sì ni akápò ẹgbẹ́ alátìlẹyìn wa títí di òní, ọdún kẹfà rèé. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bá a ṣe ń ṣe é àti ibi tá a ti ṣì í ṣe, kẹ́yin náà lè bẹ̀rẹ̀ láìṣe irú àṣìṣe tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn tó máa ní owó á bà wọ́n jẹ́ lóhùn, torí kò sí ìpàdé tí mo ti dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ tí àgbà kan ò ní dìde kó ní nígbà tàwọn, ìfẹ́ ilé ìwé lásán làwọn fi ń ṣe é. Ohun táwọn ará Amẹ́ríkà náà sọ fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. NCAA tó ń darí eré ìdárayá láwọn yunifásítì wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti tó. Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó wa, ó gbá basketball fún yunifásítì Houston, ó bá wọn dé Final Four, ìyẹn ìpele tó ku ẹgbẹ́ mẹ́rin péré, lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, láti 1982 sí 1984, wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣọ̀n ń sanwó, òun tí wọ́n ń wá wò ò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lórí orúkọ ara ẹ̀. Ìgbà tí Ed O'Bannon tó gbá basketball fún UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles, rí ara ẹ̀ nínú géèmù fídíò tí wọ́n ń tà láì fún un ní nǹkan kan ló gbé NCAA lọ kóòtù ní 2009. Ẹjọ́ ń gorí ẹjọ́, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ fi dá NCAA lẹ́bi nínú ẹjọ́ tí eléré kan tó ń jẹ́ Alston pè ní June 2021, adájọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n, ẹnì kan ò yapa. Lọ́jọ́ kìíní oṣù July ọdún yẹn làwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lè gbowó lórí orúkọ àti àwòrán ara wọn, òun ni wọ́n ń pè ní NIL. Ní June 2025, Adájọ́ Claudia Wilken tún fọwọ́ sí àdéhùn tó parí ẹjọ́ míì tí wọ́n ń pè ní House, ilé ìwé fúnra ẹ̀ wá lè máa san owó fún àwọn ọmọ, ó lè tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún ilé ìwé kan lọ́dún àkọ́kọ́. Ṣé àwọn èrò ìworan wá sá lọ ni? Pápá ìṣeré Michigan tó ń gba èèyàn tó lé ní 107,000 ṣì ń kún dẹ́nu, àwọn tó ń kọrin ṣì ń kọrin.

Àwa ò ní mílíọ̀nù dọ́là, mo mọ̀. Ohun tí mo rí kọ́ lára wọn ni ti àwọn alátìlẹyìn tó bọ́ síta nígbà tí NIL dé, tí wọ́n ń dáwó jọ káàkiri, tí wọ́n wá ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní collective. Èmi wò ó títí, mo ní ṣebí àjọ nìyí, ṣebí ohun táwọn ìyá wa ń ṣe lọ́jà láti ọjọ́ yìí wá nìyí.

Torí náà, ẹ má dúró de olówó. Ẹni mẹ́sàn-án péré la fi bẹ̀rẹ̀, ₦2,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Báyìí a ti pé ogójì, a sì ti gbé e sí ₦3,000, ìyẹn jẹ́ ₦120,000 lóṣù kan, ogún ọmọ ń gba ₦5,000 ₦5,000 nínú ẹ̀, ₦20,000 tó kù ń wọ àpò ìfarapa tí mo máa ṣàlàyé nísàlẹ̀. Tí ọ̀gá kan bá fẹ́ fún yín lówó ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ gbà á, ẹ bá a dúpẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi kún ohun tẹ́ ẹ máa ṣèlérí fáwọn ọmọ o, torí oṣù tó ń bọ̀ ẹ lè má rí i mọ́, ọmọ tó sì ti fọkàn sí ₦10,000 tó wá rí ₦5,000 gbà, ọ̀rọ̀ ìjà nìyẹn.

Ẹ má lo ákáǹtì ẹnikẹ́ni nínú yín. Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ákáǹtì tèmi là ń lò, owó ilé mi àti owó àwọn ọmọ wà pa pọ̀, ìgbà tí mo bá fẹ́ ṣèṣirò lóru, orí mi á máa fọ́. Báǹkì máa béèrè ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó ṣí ákáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́, irú ẹgbẹ́ tiwa tí kì í ṣe ti èrè, incorporated trustees ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ lábẹ́ òfin CAMA 2020, ẹ sì gbọ́dọ̀ polówó ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́. Ó gba sùúrù díẹ̀ ṣùgbọ́n kò pa èèyàn. Ẹ jẹ́ kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí owó kó tó jáde, kí àwọn méjèèjì má sì jẹ́ tọkọtaya tàbí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ìparí oṣù, kí akápò gbé statement gidi síta sójú gbogbo yín, kì í ṣe èyí tó fúnra ẹ̀ kọ.

Ibi tó dùn mí jù nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, oṣù mẹ́wàá la fi dá owó, ó pé ₦180,000, inú wa ń dùn, a wá kó o fún ọ̀gá kan tó ní òun mọ gbogbo àwọn ọmọ náà, òun máa bá wa pín in. Ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún wa lórí fóònù. Oṣù kan kọjá, mo pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà láti kí i, mo ní ṣé ẹ rí nǹkan wa gbà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àǹtí, nǹkan wo?" Mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Owó yẹn ò padà wá títí dòní, a sì pàdánù ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ torí ẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́, mi ò sì rí ẹnu dá wọn lẹ́bi.

Láti ìgbà yẹn, owó ò gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Ẹ gba orúkọ àwọn ọmọ lọ́wọ́ kápútéènì, kẹ́ ẹ tún gba tọ̀dọ̀ kóòṣì lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ wá gbé méjèèjì síra wọn, ẹni tó bá wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì, ẹ wádìí ẹ̀. Ẹ pe ọmọ kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, kó fi káàdì ilé ìwé ẹ̀ hàn yín, kó fún yín ní ákáǹtì tó jẹ́ orúkọ ẹ̀ gan-an, kì í ṣe ti bọ́ìfúrẹ́ǹdì, kì í ṣe ti POS. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti fi owó ránṣẹ́ tán, ẹ kọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà sínú WhatsApp tí gbogbo wọn wà, kóòṣì náà wà níbẹ̀, kó mọ̀, kó má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì eré ìdárayá ilé ìwé náà pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe nìyí, kí wọ́n fún yín lésì nínú ìwé bóyá òfin NUGA tó ń ṣètò ìdíje àwọn yunifásítì wa, tàbí ti HiFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ilé ìwé gíga, tàbí ti ilé ìwé fúnra ẹ̀, ní nǹkan tó ta kò ó, torí kò dáa kí oore yín kó ọmọ sí wàhálà lọ́jọ́ ìdíje.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, ojú ewé kan ti tó. Ní September 2024, Matthew Sluka tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún UNLV ní Las Vegas kúrò lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì borí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o, aṣojú ẹ̀ ní wọ́n fẹnu ṣèlérí $100,000 fún un wọn ò san án, àwọn tó ń dáwó fún ilé ìwé náà ní àwọn ò ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló fa gbogbo ẹ̀. Nínú ìwé tiwa, orúkọ ọmọ wà níbẹ̀, iye owó, oṣù tó bẹ̀rẹ̀, oṣù tó máa parí, àti ohun méjì tá a fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó máa lọ kíláàsì, kó máa lọ ìdánrawò. Kò sí ọ̀rọ̀ gólù níbẹ̀. A dán ti gólù wò nígbà kan, ẹgbẹ̀rún márùn-ún lórí gólù kan, èmi fojú mi rí winger wa tó gbé bọ́ọ̀lù wọ àárín èèyàn mẹ́ta, ọ̀rẹ́ ẹ̀ dá dúró níwájú gólù tó ń nawọ́, kò fún un. Ọmọ náà kọ́ ló jẹ̀bi, àwa tá a gbé owó síbẹ̀ ni.

Ọmọ tó bá fara pa, ẹ má yọ orúkọ ẹ̀ o, ìgbà yẹn ló nílò owó jù. Ní 1955, Ray Dennison tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Colorado fi orí ṣèṣe lórí pápá, ó kú, ìyàwó ẹ̀ ní kí wọ́n san owó òṣìṣẹ́ tó kú sẹ́nu iṣẹ́ fún òun, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà sì dá a padà ní 1957 pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ò fi bọ́ọ̀lù ṣòwò. Láàárín àwọn ọdún yẹn náà ni NCAA ń tẹ orúkọ "student-athlete" mọ́ gbogbo èèyàn létí, kí ẹnikẹ́ni má bàa pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní òṣìṣẹ́. Mi ò lè gbàgbé obìnrin yẹn. Ìdí tá a fi ní àpò ìfarapa nìyẹn. Orúnkún, kókósẹ̀, X-ray, owó ọkọ̀ lọ sí ọsibítù, ibẹ̀ la ti ń mú un, a kì í sì í fi owó ìfarapa ra ankara ẹgbẹ́, bó ti wù kí wọ́n pariwo tó.

Ẹ tún jọ̀ọ́, kì í ṣe àwọn ọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù nìkan ló ń gbé orúkọ ilé ìwé ga. Nínú ogún ọmọ wa, mẹ́sàn-án jẹ́ obìnrin, àwọn tó ń sáré wà níbẹ̀, àwọn handball wà níbẹ̀, iye kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, yunifásítì kan ní El Paso ní Texas ló gbà á tó fi gba ife NCAA ní 2017, kó tó wá sá 100 mítà tí wọ́n ń fo igi ìdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene ní Amẹ́ríkà ní July 2022, tí gbogbo wa jókòó sílé tá à ń sunkún ayọ̀. Irú ẹ̀ wà lórí pápá eléruku nílẹ̀ yìí o, tó ń sáré láàárọ̀ láìjẹun.

Tí wọ́n bá borí, ẹ má ná wọn lówó lórí pápá. Mo mọ̀ pé ara wa ni, Yorùbá ni wá, ṣùgbọ́n òfin CBN ti 2007 sọ pé níná náírà lóde ìnáwó lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n tí kò ní dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí fáìnì tí kò ní dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì, ilé ẹjọ́ sì rán Bobrisky lọ sẹ́wọ̀n lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní April 2024. Ẹ fi tiránsífà ránṣẹ́, ẹ di mọ́ ọmọ náà, ó ti tó.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti rí sikọ́láṣípù gbà lọ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Físà F-1 ni wọ́n sábà ń gbé lọ, iṣẹ́ inú ọgbà ilé ìwé ni físà yẹn gbà wọ́n láyè láti ṣe láìgba àṣẹ míì, kò sì gbọ́dọ̀ ju ogún wákàtí lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá wọlé. Torí náà tí ẹnì kan bá ní kó wá ṣe ìpolówó kó gba dọ́là, tó ń rí àwọn ọmọ ibẹ̀ tí wọ́n ń gbà á, kó kọ́kọ́ lọ bá ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè nílé ìwé ẹ̀ àti lóyà tó mọ ọ̀rọ̀ físà, kó tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ má ti ọmọ yín lẹ́yìn pé ṣebí gbogbo wọn ló ń gbà á, ìwé àṣẹ tó gbé e débẹ̀ lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó kù ti bàtà, torí nígbà míì kì í ṣe owó lẹ́ẹ̀ máa fún wọn. Ọmọbìnrin wa kan tó ń sá 400 mítà, sípáìkì ẹ̀ ti ya, shoemaker kan ló fi òwú dúdú rán an, bàtà funfun òwú dúdú, ó ti rán an tó ìgbà mẹ́rin, ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ tó kéré jù ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. A ní ká ra tuntun fún un, ó fún wa ní nọ́ńbà tó wà lára bàtà tó ń wọ̀, a rà á, kò wọlé, àṣé bàtà àtijọ́ yẹn ti há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń lò ó. Torí náà ẹ má béèrè nọ́ńbà. Ẹ ní kó gbé ẹsẹ̀ lé ìwé nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn tó bá ti sáré tán, torí ẹsẹ̀ máa ń wú, kí ẹlòmíì fi bírò yí i ká, kó gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó ya á ní fọ́tò ránṣẹ́. Èmi máa ń fa àwòrán ẹsẹ̀ náà sórí páálí ní ìwọ̀n kan náà, mo máa ń gé e, màá mú un dání lọ sí ọjà Wuse, màá tì í bọ inú bàtà, tó bá ká kò níí dáa, tó bá ń yọ̀ síwá sẹ́yìn náà kò níí dáa. Kẹ́ ẹ sì ra ìbọ̀sẹ̀ méjì mọ́ ọn.