Owó tí pépà kan jẹ mí kí n tó rí èyí tí àwọn ọmọ statistics mi lè kà

Dọ́là ni mo fi ra pépà ìwádìí yẹn o, inú ẹ̀ ṣì ń bí mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni mò ń kọ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí chi-square, ìyẹn ìdánwò tó ń wo bí iye tá a rí (observed) ṣe jìnnà sí iye tá a retí (expected), mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i nínú ìwádìí gidi, owó ẹyọ tí wọ́n ń jù sókè nínú ìwé ti sú mi. Abstract ẹ̀, ìyẹn àkópọ̀ ẹ̀, dùn-ún kà, àfi kéèyàn sanwó kó tó rí inú ẹ̀, mo san án.

Adjusted odds ratio ni mo bá níbẹ̀, ìyẹn iye kan tí wọ́n fi ń fi ọ̀wọ́ méjì wéra lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ipa àwọn nǹkan míì kúrò! Wọ́n ti yọ ipa ọjọ́ orí, wọ́n ti yọ ti owó tó ń wọlé, wọ́n ti yọ ti ibi téèyàn ń gbé, mo yẹ ẹ̀ wò títí dé ìparí, kò síbi tí wọ́n ti kọ iye èèyàn tó ṣàìsàn àti iye tí kò ṣàìsàn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ observed àti expected, kí ló fẹ́ fìyẹn ṣírò? Mo wá òmíràn, ọ̀fẹ́ lèyí, mixed model ni wọ́n lò, ìṣirò tó ju agbára àwọn ọmọ mi lọ. Òmíràn tún ń kọ percentage ṣáá, kò sọ pé nínú èèyàn mélòó. Àwọn pépà yẹn dáa o, àwọn akẹgbẹ́ wọn ni wọ́n kọ ọ́ fún ni.

Mo bá kọrí sí PubMed Central, ibi tí wọ́n ń kó pépà ìṣègùn sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni tibẹ̀, mo pa abstract tì, tébù ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bí mo ṣe rí AQUAMAT nìyẹn, ìwádìí tó fi oògùn ibà méjì, artesunate àti quinine, wéra, Lancet tó jẹ́ ìwé ìwádìí ìṣègùn ló gbé e jáde ní 2010: ọmọdé 5,425 tí ibà ẹ̀fọn ń dà láàmú gidi, ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án, Ìlọrin tiwa ńbí sì wà níbẹ̀! Àwọn 2,712 gba artesunate, 230 kú. Àwọn 2,713 gba quinine, 297 kú. Ó parí, tébù ti délẹ̀. Àwọn ọmọ mi ṣírò ẹ̀ fúnra wọn, chi-square wọn jẹ́ 9.4, ó fi 3.84 tó jẹ́ ààlà tá a máa ń lò sílẹ̀ jìnnà, p-value wọn (bó ṣe ṣeé ṣe tó kéèyàn rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ tí oògùn méjèèjì ò bá yàtọ̀) sì bá 0.0022 tó wà nínú pépà mu wẹ́kú. Orí mi wú, kí n má purọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ fi Unpaywall sórí browser yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan káàdì, ó máa ń bá yín wá èyí tó bá wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá trial tí wọ́n pín èèyàn sí ọ̀wọ́ méjì, tí àbájáde ẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́, tí iye èèyàn hàn kedere, tí ò bá ti hàn, ẹ pa á dé kíá. Ní ti t-test, ìdánwò tó ń fi average ọ̀wọ́ méjì wéra, data palmerpenguins tó ní ẹyẹ penguin 344 ni mo ti dáúnlóòdù sílẹ̀.