Bí a ṣe ń ṣe hàǹtú

Hàǹtú ni omi tí a fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà (pátákó igi tí a ń kọ Kùránì sí), tí aláìsàn ń mu. Tírà ní tirẹ̀, ara ni wọ́n ń so ó mọ́.

Ibi tàdáwà, ìyẹn yíǹkì tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ náà, ni iṣẹ́ wà. Lọ èédú kúnná, sẹ́ ẹ, kí o pò ó mọ́ omi àti gọ́ọ̀mù díẹ̀. Bí gọ́ọ̀mù bá pọ̀ jù, tàdáwà á ki, kò ní ṣàn lẹ́nu kálámù (gègé ìkọ̀wé). Bí kò bá tó, ọ̀rọ̀ á máa bọ́ lára igi kí o tó fọ̀ ọ́. Èédú pákó tí a kùn lọ́dà kò dára, yíǹkì bírò pàápàá kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀: inú ikùn ló ń lọ!

Pòròpórò ọkà bàbà tí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó ṣeé fi ṣe kálámù. Ẹsẹ ìwòsàn mẹ́fà wà tí a lè kọ (súrà ló ṣáájú, ẹsẹ ló tẹ̀lé e): 9:14, 10:57, 16:69, 17:82, 26:80 àti 41:44. Jẹ́ kó gbẹ, kí o wá fi omi kọ́ọ̀bù kan fọ̀ ọ́ sínú abọ́ tó mọ́.

Kí o tó fi omi náà fọ̀ ọ́, sè é kó sì tutù ná. Omi kànga lásán lè fa ìgbẹ́ gbuuru, àwọn kan á tún ní àrùn ló ń jáde. Irọ́ ni.

Hàǹtú kì í pa kòkòrò ibà. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí ẹ lo oògùn. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò gbọdọ̀ mu ún rárá, ọmú nìkan ni tirẹ̀.