Ẹ̀dà wo ló wà lórí ẹ̀rọ mi? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń lo Python

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í sọ fún mi pé, "Kóòdù yìí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó kọ̀ lọ́wọ́ tèmi." Bí mo bá béèrè pé ẹ̀dà (version) wo ni wọ́n ní nínú láíbúrárì kan, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ fún wa, wọ́n á ní, "Tuntun ni." Ta ló bi yín bóyá tuntun ni? Nọ́ńbà ni mo béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó tún pè mí.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹ̀dà tí mo ní?

Ẹ ṣí tẹ́mínà (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ), ẹ tẹ `python -m pip show pandas`. pip ni irinṣẹ́ tó ń fi láíbúrárì sí, pandas sì ni láíbúrárì tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ wo ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Version. Ó parí. Lórí Windows, ẹ lè fi `py` rọ́pò `python`. Lórí ọ̀pọ̀ Linux, `python3` ni.

Ìbéèrè: Ṣebí `pip show` lásán náà tó?

Ẹ̀rọ kan lè ní Python tó ju ọ̀kan lọ, kálukú pẹ̀lú pip tirẹ̀. Ó tó bí ẹ bá mọ Python tó ni pip yẹn. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà kan, ìtàn ẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

`python -m pip list`. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo conda (irinṣẹ́ mìíràn bíi pip), `conda list`.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, pip ní òun ò rí cv2, bẹ́ẹ̀ `import cv2` ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ta ló ń parọ́ nínú wọn?

Kò sẹ́ni tó parọ́. Orúkọ tí ẹ fi ń pè é nínú kóòdù lè yàtọ̀ sí orúkọ tí pip mọ̀ ọ́n sí. opencv-python ni pip ń pe cv2. scikit-learn ló ń pe sklearn, Pillow ló ń pe PIL, beautifulsoup4 ló ń pe bs4, PyYAML ló ń pe yaml. Orúkọ pip ni kí ẹ fún pip.

Ìbéèrè: Ṣé mi ò lè béèrè láti inú kóòdù fúnra rẹ̀?

Ẹ lè béèrè. `print(pandas.__version__)` ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, ó sì dára, àmọ́ kò sí òfin tó ní kí gbogbo láíbúrárì ní `__version__`. Láti Flask 3.0 ni Flask ti ń kìlọ̀ pé kí a yé gbára lé e. Èyí tó wà nínú Python fúnra rẹ̀ láti 3.8 ni mo fẹ́ràn: `from importlib.metadata import version`, lẹ́yìn náà `version("pandas")`. Orúkọ pip náà lẹ máa fi sínú àkámọ́ yẹn o.

Ìbéèrè: Mo ní kí kóòdù mi wò ó bóyá ẹ̀dà ti ju 1.9 lọ. Ó ní 1.10 kò jù ú.

Ọ̀rọ̀ lẹ fi ń wé ọ̀rọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń wò, ó bá 1 àti 9 lẹ́yìn àmì ìdánudúró, ó sì gbà pé 9 ló tóbi. Ẹ lo `Version` tó wà nínú `packaging.version`, òun mọ̀ pé mẹ́wàá ju mẹ́sàn-án lọ.

Ìbéèrè: Ó ní pandas kò ní `__version__` rárá, kò tilẹ̀ ní DataFrame (tábìlì dátà rẹ̀)!

Ẹ wo fódà tí ẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ ti sọ fáìlì yín ní pandas.py, àbí? Fáìlì yín ni Python ń gbé wọlé dípò pandas gidi. Ẹ yí orúkọ ẹ̀ padà.

Ìbéèrè: pip ní pandas 1.5.3 ni mo ní, ṣùgbọ́n nínú Jupyter (ibi tí mo ti ń kọ kóòdù tí mo sì ń rí èsì rẹ̀ lójú kan náà), `df.append` tí mo fi ń fi ìlà kún tábìlì kọ̀, ó ní DataFrame kò ní append.

Ẹ jókòó. Ọjọ́ méjì gbáko ni èyí fi jẹ mí níyà.

Ní 2023, nígbà tí pandas 2.0 jáde, wọ́n yọ `append` kúrò lára DataFrame. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró sórí 1.5.3 fún iṣẹ́ àtijọ́ kan tí mi ò tíì ráyè tún kọ. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí append kọ̀. Mo tẹ `!pip show pandas` nínú Jupyter: 1.5.3. Mo yọ pandas kúrò, mo tún un fi sí. Ó kọ̀. Mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án. Ó kọ̀. Mo ka kóòdù tí mo ti ń lò láti ọdún méjì bí ẹni tí kò rí i rí. Nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ kejì, mo ti ń bá ẹ̀rọ jà lẹ́nu.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ni mo wá kọ ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ kọ:

```
import sys, pandas
print(sys.executable)
print(pandas.__file__)
print(pandas.__version__)
```

Ìlà kìíní parí sí `envs/idanwo/bin/python`. Idanwo kẹ̀! Àyè (environment, ibi tí Python kan ti ní láíbúrárì tirẹ̀ lọ́tọ̀) kan tí mo ṣí lóṣù mélòó kan ṣáájú láti fi tọ́ pandas tuntun wò, tí mo sì ti gbàgbé pátápátá. Ìlà kẹta ní 2.0.1. Mo tẹ `!which pip`, ó tọ́ka sí ibòmíràn pátá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. `!pip` ń pe pip tí tẹ́mínà tí mo ti ṣí Jupyter mọ̀. Kernel tó ń ṣiṣẹ́ kóòdù ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: ó ní fáìlì kékeré kan, kernel.json, níbi tí wọ́n kọ ọ̀nà Python tó máa lò sí. Èmi fúnra mi ni mo so kernel náà mọ́ idanwo, tí mo sì jẹ́ kó máa jẹ́ "Python 3" bíi gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀. Èèyàn méjì ni mo ń bi ní ìbéèrè kan. Gbogbo yíyọ àti fífi sí tí mo ṣe fún ọjọ́ méjì, ilé onílé ni mo ń gbá.

`jupyter kernelspec list` ló fi ibi tí fáìlì yẹn wà hàn mí. Mo fi `jupyter kernelspec remove` yọ ọ́, mo wọ inú àyè tó tọ́, mo tẹ `python -m ipykernel install --user --name ise-atijo`, mo sì yan kernel yẹn nínú Jupyter. Append dáhùn lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, `%pip` ni mò ń lò nínú Jupyter, torí Python tí kernel ń lò gan-an lòun máa ń bá ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Mo ti fi ẹ̀dà tuntun sí, nọ́ńbà àtijọ́ ló ṣì ń jáde.

Èyí tí ẹ ti gbé wọlé tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú ìrántí ẹ̀rọ. Ẹ tún kernel bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Linux mi kọ `externally-managed-environment` sí mi. Ṣé kí n fi sudo (àṣẹ ọ̀gá ẹ̀rọ) tì í?

Ẹ má dán an wò. Láti Debian 12 ni Debian (ọ̀kan nínú àwọn Linux) ti ń dí pip lọ́wọ́ báyìí, torí àwọn irinṣẹ́ ẹ̀rọ náà fúnra wọn ń lo Python yẹn. Ẹ tẹ `python3 -m venv .venv` láti dá àyè tiyín sílẹ̀, ẹ tẹ `source .venv/bin/activate` láti wọ inú rẹ̀, ẹ fi láíbúrárì yín sí i, kí ẹ padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò níbi iṣẹ́ ni, ẹ ká ọwọ́ yín kò, kí ẹ pe ẹni tó ń bójú tó o.

Bí gbogbo èyí ò bá ràn yín lọ́wọ́, ẹ wá bá mi, ṣùgbọ́n ẹ kó ohun tí ìlà mẹ́rin òkè yẹn gbé jáde dání. Ẹ ṣàdàkọ ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ẹ má yà á ní fọ́tò.