Ẹ̀yìn Ni Ìdí Mi Wà: Bí Mo Ṣe Gé Pátánì Síkẹ́ẹ̀tì Fúnra Mi

Síkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni mo gbé wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì tí wọ́n ta sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kan n'Íbàdàn. Àkọ́kọ́, nọ́ńbà 14, dúró sórí itan mi, ó ní òun ò lọ mọ́. Èkejì, 16, gba itan kọjá, ó há síbi ìdí. Ẹ̀kẹta, 18, wọlé tipátipá, ṣùgbọ́n síìpù rẹ̀ ń yanu bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò. Ẹ̀kẹrin, 20, wọlé wẹ́rẹ́. Inú mi ti ń dùn kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ìbàdí mi. Àlàfo tó wà níbẹ̀ gba ọwọ́ mi àti fóònù mi pọ̀. Ọmọbìnrin tó ń tajà ní, "Màmá, ẹ ṣáà fi bẹ́líìtì sí i." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo kó gbogbo ẹ̀ dá padà fún un. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì yẹn fún mi.

Kí n má fi bò, bí ara mi ṣe rí nìyí: àyà 38, ìbàdí 33, ìdí 46, íǹṣì ni gbogbo ẹ̀. Tí ẹ bá yọ ìbàdí kúrò lára ìdí, ó ku 13. Aṣọ rírà tó ń ti òkè òkun wá sábà máa ń ro ti ẹni tí ìyàtọ̀ tiẹ̀ ò ju bí íǹṣì 10 lọ. Íǹṣì mẹ́ta yẹn ni mo fi ń ki fóònù bọ ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ mi obìnrin ló bá mi tú ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 1939 àti 1940, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ (ẹ má rẹ́rìn-ín) kó àwọn èèyàn jáde pẹ̀lú téèpù, wọ́n wọn obìnrin bíi 15,000, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1941. Aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n ka tiwọn mọ́ ọn. Inú àkójọ yẹn ni ìlànà nọ́ńbà aṣọ obìnrin tí wọ́n gbé jáde ní 1958 ti wá. Nígbà tó di 1983, ìjọba yọwọ́ kúrò níbẹ̀, kálukú iléeṣẹ́ sì ń kọ nọ́ńbà tó bá wù ú sára aṣọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún ní tiwọn lọ́tọ̀: ohun tí wọ́n ń pè ní 14, 10 ló ń jẹ́ l'Amẹ́ríkà. Ìdí ìyá mi ò sí nínú ìwé yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ti ìyá rẹ̀. Wọn ò kúkú nílò ẹ̀. Ìró ni wọ́n ń ró, ìró kì í sì í béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹnì kankan. O sanra, o rù, o lóyún, kó o fà á mọ́ra tàbí kó o dẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí síìpù dé ni wàhálà dé.

Mo wá pinnu pé mi ò ra síkẹ́ẹ̀tì mọ́, rírán ni mo máa máa rán an. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀, áńkárá aṣọ ẹbí sì ti wà nílẹ̀, yáàdì mẹ́fà. Mo gbé e lọ fún télọ̀ kan ládùúgbò. Ó fi téèpù yí ìdí mi ká, ó kọ 46, ó pín in sí mẹ́rin, ó gé e. Bùláòsì rẹ̀ dáa, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Síkẹ́ẹ̀tì ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ṣí sókè, iwájú ń gbálẹ̀, ojú rírán tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ti yí sẹ́yìn bíi pé ó ń wo ẹni tó ń tẹ̀ lé mi bọ̀. Télọ̀ wò mí lókè nílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sanra sí i ni." Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì!

Ìyá Ìbejì tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ló gbà mí. Ó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kí ojú ẹ̀ tó sọ pé ó tó. Mo wọ síkẹ́ẹ̀tì náà lọ bá a. Ó ní kí n yí po lẹ́ẹ̀kan.

"Ìdí tìẹ ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́," ó ní, "ẹ̀yìn ló wà. Télọ̀ ẹ wá pín in dọ́gbadọ́gba bí ẹni ń pín ẹran Iléyá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. 46 tèmi àti 46 ẹlòmíì lè jẹ́ 46 kan náà lórí téèpù, kí ti ẹni yẹn fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí apẹ̀rẹ̀, kí tèmi sì yọ sẹ́yìn bí àga. Téèpù ò mọ ìyẹn. Bó ṣe yí wa ká náà ni.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ dọ́gbọ́n. Mo ní síkẹ́ẹ̀tì dúdú kan tí mo rà ní bọ́síkọ́nà, òun nìkan ló bá mi mu nínú gbogbo aṣọ mi. Mo ní kí n tú u, kí n tẹ́ ẹ lé bébà, kí n yà á bó ṣe rí. Abẹ ti wà lọ́wọ́ mi kí Ìyá Ìbejì tó gbà á. Ó di síkẹ́ẹ̀tì náà mú lọ́tùn-ún lósì, ó fà á. Ó na bíi rọ́bà. "Ṣé áńkárá ẹ máa ń ṣe báyìí?" Ó tì. Ohun tó ń bá mi mu látọdún yìí wá, ara mi ló ń fà á, kì í ṣe pé wọ́n gé e re.

A bá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n so okùn mọ́ ibi tí ara mi ti kéré jù, kí n wá máa rìn kiri, kí n bẹ̀rẹ̀, kí n dìde, kí okùn fúnra ẹ̀ wá ibi tó máa jókòó sí. Ibi tó jókòó sí fi íǹṣì kan lọ sókè ju ibi tí mo ti ń pè ní ìbàdí láti ọjọ́ yìí. Lẹ́yìn náà ló wọ̀n mí láti ara okùn dé ilẹ̀: àárín iwájú, 40, ẹ̀gbẹ́, 41, àárín ẹ̀yìn, 41 àbọ̀. Íǹṣì kan àbọ̀ tí ẹ̀yìn fi ju iwájú lọ yẹn ni télọ̀ ò fi sí i, òun náà ló ń ṣí síkẹ́ẹ̀tì mi sókè láwùjọ.

Bébà ńlá tí mo máa ya pátánì sí, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi ń gé aṣọ, ò sí nílé. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ìsìnkú ni mo lò, mo lẹ méjì pọ̀. Títí dòní, ojú bàbá kan tí mi ò mọ̀ rí ló wà lẹ́yìn pátánì mi. Mo fi íǹṣì méjì kún ìdí, kí n lè rí ibi jókòó, ó di 48. Ìdajì ẹ̀ jẹ́ 24. Dípò kí n pín 24 yẹn sí 12 àti 12, mo fún iwájú ní 11 àbọ̀, mo fún ẹ̀yìn ní 12 àbọ̀. Ìbàdí, mo fi íǹṣì kan kún un, ó di 34, ìdajì ẹ̀ jẹ́ 17, iwájú àti ẹ̀yìn gba 8 àbọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣẹ́ kù láàárín ìbàdí àti ìdí, dáàtì (ibi tí wọ́n ti ń ká aṣọ pọ̀ rán, kó lè fún mọ́ ìbàdí) ló gbé e jẹ: méjì níwájú, kúkúrú, mẹ́rin lẹ́yìn, tí wọ́n gùn tó íǹṣì márùn-ún àbọ̀. Télọ̀ ti fi méjì péré sẹ́yìn mi.

Mi ò fọwọ́ kan áńkárá. Bẹ́ẹ̀díṣíìtì àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ gé, mo fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an gbàgẹ̀rẹ̀gbàgẹ̀rẹ̀, mo wọ̀ ọ́. Mo jókòó, mo lóṣòó, mo gbẹ́sẹ̀ sókè bí ẹni fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ìṣẹ́tí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ yí mi ká, ojú rírán ẹ̀gbẹ́ sì dúró ṣánṣán. Àléébù kan ló ní: ẹnu dáàtì ẹ̀yìn yọ ṣóńṣó bí ìwo àgbò. Ìyá Ìbejì ní mo jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ jù. Mo fi ìdajì íǹṣì gé gígùn wọn kù, ìwo náà sì wọlé. Mo dá gbogbo àtúnṣe yẹn padà sórí kàlẹ́ńdà, mo kọ déètì sí i, torí ara ò dúró sójú kan.

Áńkárá tó ṣẹ́ kù lé díẹ̀ ní yáàdì méjì. Mo rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, mo sá a, mo lọ̀ ọ́ kí n tó gé e, nítorí òwú máa ń súnkì, àǹfààní wo ló wà níbẹ̀ kí n ṣe gbogbo wàhálà yìí kí omi wá jí íǹṣì kan kó? Mo lè fi ẹ̀rọ rán ojú tó gún, àmọ́ síìpù ń dẹ́rù bà mí. Mo gbé e padà lọ bá télọ̀ ọjọ́sí kó bá mi fi síìpù sí i. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ka dáàtì, ó tún un kà. Kò sọ nǹkan kan. Ó fi síìpù sí i, ó gbowó ẹ̀.

Mo wọ̀ ọ́ lọ síbi ìyàwó. Mo jókòó láti aago 11 di ìrọ̀lẹ́, mo jẹ ìrẹsì, mo jó, mi ò fa ìṣẹ́tí wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bùláòsì télọ̀ náà ló tiẹ̀ ń fún mi lábíyá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, télọ̀ pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní bébà yẹn. Mo ní kọ́sítọ́mà kan tí ìdí ẹ̀ rí bíi tiyín gẹ́lẹ́. 46 náà ni."

"Ẹ̀yìn ló wà ni, àbí ẹ̀gbẹ́?"

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n lọ wò ó, ẹ̀gbọ́n. Mo ń pè yín padà."