Bí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ṣe Lè Fọwọ́sowọ́pọ̀ Pẹ̀lú Ilé-Iṣẹ́ Lórí Máíkírósíkóòpù Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ tọrọ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ni máíkírósíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù (àwọn ègé tín-ín-tín tó ń gbé iná) dípò ìmọ́lẹ̀ sọ ohun tí ojú kò lè rí di ńlá. Mo ti rí oríṣiríṣi lẹ́tà tí àwọn olùkọ́ kọ láti Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù, tí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ra máíkírósíkóòpù”, tí kò sì sí ọ̀kan tó rí èsì gbà, nítorí pé owó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó tí máníjà kan lè fọwọ́ sí lórí ìjókòó. Wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí ẹ̀rọ tó ti wà ní yàrá àyẹ̀wò kan tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ tọrọ, kí ilé-iṣẹ́ san owó àyẹ̀wò náà, kí ó sì jẹ́ ọjà tiwọn ni ẹ fẹ́ wò.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun tuntun. Ọdún 1931 ni Ernst Ruska àti Max Knoll ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Berlin, ní Jámánì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1986 ni Ruska tó gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀. Bí àlàfo àárín ohun méjì bá ti kéré sí nǹkan bíi 200 nánómítà (mílíọ̀nù kan nánómítà ni mílímítà kan), máíkírósíkóòpù tó ń lo ìmọ́lẹ̀ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gba ojú nǹkan lọ gba ojú rẹ̀ bọ̀, bí ẹni ń gbálẹ̀ àgbàlá, tí wọ́n ń pè ní SEM (scanning electron microscope), ni mo ń sọ nípa rẹ̀ níbí, nítorí òun ló bá ilé-ẹ̀kọ́ mu jù.

Ẹ mọ ohun tí ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń lọ bá ń ṣe. Ní Rẹ́mọ, sìmẹ́ńtì Ṣágámù ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn, kò sì burú, nítorí bí sìmẹ́ńtì bá ti mu omi, SEM yóò fi àwọn ẹ̀gún tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ hàn nínú rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ettringite. Ṣùgbọ́n èmi a máa rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe gàrí àti sítáàṣì pákí, nítorí kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé gàrí fún. Ẹyọ sítáàṣì pákí sábà máa ń wà láàárín máíkírómítà 5 sí 35 (ẹgbẹ̀rún kan máíkírómítà ni mílímítà kan). Èyí tó bá jẹ́ 20 yóò fẹ̀ tó mílímítà 20 nínú àwòrán tí a sọ di ńlá ní ìlọ́po 1,000. Ẹ óò rí i roboto, pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ kan tó tẹ́ bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Nínú gàrí, ooru agbada àti omi inú rẹ̀ ti mú ọ̀pọ̀ ẹyọ yẹn wú, wọ́n sì ti pàdánù ìrísí wọn. Ẹ tẹ àwòrán méjèèjì sórí ìwé kan ṣoṣo, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìwé yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn, kì í ṣe lẹ́tà olójú ewé márùn-ún.

Pípèsè ohun tí a fẹ́ wò kò le bí ó bá sá ti gbẹ dáadáa, nítorí pé ẹ̀rọ náà ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, omi díẹ̀ sì tó láti ba nǹkan jẹ́. Ẹni tí kò bá ní ohun èlò ìmú-nǹkan-gbẹ lè kó àwọn àpò kékeré tó ń fa omi mọ́ra (sílíkà jẹ́ẹ̀lì) inú páálí bàtà tuntun jọ, kí ó fi iná jẹ́jẹ́ mú wọn gbẹ, kí ó sì kó wọn sínú ìgò onídèérí pẹ̀lú sítáàṣì náà mọ́jú. Ẹ fi igi ìtayín bu ìwọ̀nba díẹ̀ sórí téèpù kábọ́ọ̀nù, ìyẹn téèpù alẹ̀mọ́ tí iná lè gbà kọjá, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ ta á ní ìka, kí ẹ sì fẹ́ èyí tí kò lẹ̀ dànù. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ikun nímú ọmọ ọwọ́, tí ẹ óò rí rà ní kẹ́míìsì, ni mo fi ń fẹ́ ẹ. Kò sí èyí tó dára jù ú lọ lójú tèmi. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ pẹ̀lú, nítorí òróró ìka. Yàrá àyẹ̀wò yóò fi góòlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú rẹ̀ kí iná lè rọ́nà kọjá. Bí wọ́n bá gbàgbé èyí, àwòrán yóò funfun báláú, ilà yóò sì là á já.

Ọ̀gá tó ń mójútó ìdára ọjà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kì í ṣe ọ̀gá àgbà pátápátá. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń lọ. Ẹ má lọ ní ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba, ẹ kò ní bá ẹnì kankan lórí ìjókòó.

Bí ilé-iṣẹ́ bá wá fẹ́ fún yín ní ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, àdéhùn ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Mo mọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ tòun ti ayẹyẹ àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Kò pẹ́ tí wáyà inú ẹ̀rọ náà, èyí tó ń tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde, já. Ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀rọ ni àwọn fún wọn, kì í ṣe wáyà. Ilé-ẹ̀kọ́ ní kò sí owó wáyà nínú ètò ìnáwó ọdún náà. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti fi tapólì bò ó, wọ́n sì to páálí ìwé ìdánwò lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wáyà tungsten inú SEM kì í sábà lò ju nǹkan bíi 100 wákàtí lọ, ẹni tó ta ẹ̀rọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti tà á.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀ ẹni tí yóò máa ra wáyà, ẹni tí yóò máa pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́, ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ àti ilé ìtura ẹ̀ńjìníà tó ń bọ̀ láti Èkó tàbí láti òkè òkun, àti fún ọdún mélòó. Ọdún mẹ́ta ni mo máa ń béèrè fún. Bí ilé-iṣẹ́ bá ní ọdún kan péré ni agbára àwọn mọ, ẹ padà sórí wákàtí tí a ń yá, ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín.

Ọ̀rọ̀ iná gbọ́dọ̀ ní ìpínrọ̀ tirẹ̀ nínú ìwé náà. Bí iná bá ṣàdédé lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ó lè ba wáyà àti ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jẹ́. Irú UPS tó máa ń gbé iná gba inú bátìrì nígbà gbogbo ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe irú èyí tó ń dúró kí iná lọ kó tó jí. Jẹnẹrétọ̀ kò sì gbọdọ̀ wà ní ẹ̀yìn ògiri yàrá náà, nítorí pé ó ń mi ilẹ̀. Tiransifọ́mà náà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, nítorí agbára òòfà tó ń jáde lára rẹ̀ máa ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ilé-ẹ̀kọ́ yín wà lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní láti ṣọ́ra jù. Kí ẹ̀ńjìníà tó wá wọn yàrá náà, èmi a máa gbé abọ́ omi sórí tábìlì ibẹ̀ ní àsìkò tí tírélà ń kọjá, màá sì máa wo ojú omi náà. Bó bá ti ń gbọ̀n, mo ti ń wá yàrá mìíràn nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni àwòrán. Ilé-iṣẹ́ kì í fẹ́ kí akẹgbẹ́ wọn rí àléébù ọjà wọn, wọ́n jàre, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fi ọdún méjì ṣe ìwádìí kò lè máa dúró de lẹ́tà ìyọ̀ǹda títí ayé. Ẹ kọ ọ́ pé bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá láìsí àtakò, akẹ́kọ̀ọ́ lè lo àwòrán rẹ̀. Ẹ tún kọ wákàtí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé girama yóò fi lo ẹ̀rọ síbẹ̀, ó kéré tán méjì lọ́sẹ̀, nítorí ohun tí a bá fi ẹnu lásán ṣèlérí fún àwọn ọmọ ni àwọn àgbà kọ́kọ́ ń gbàgbé.

Ní ti àwọn ọmọ náà, kò pọn dandan kí ẹ dúró de ẹ̀rọ ńlá. Manu Prakash àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ti ṣe Foldscope, máíkírósíkóòpù oníwèé tí a ń ká, tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 140. Ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi wo sítáàṣì ilé wọn. Hitachi ti máa ń yá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà ní SEM orí tábìlì. Ní 1999, Yunifásítì Illinois bẹ̀rẹ̀ Bugscope, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi kòkòrò ránṣẹ́, tí wọ́n sì ń jókòó sí kíláàsì wọn darí SEM láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú irú àpẹẹrẹ wọ̀nyí dání lọ bá ilé-iṣẹ́, kí wọ́n mọ̀ pé a kò béèrè ohun tí ẹnì kan kò ṣe rí.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ bá dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ohun tí wọ́n fẹ́ wò wá fúnra wọn: ìyẹ́ aáyán, ewé ẹ̀fọ́ gbígbẹ, ìdì irun. Ẹ fi ìwé àkọsílẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹ máa kọ wákàtí tí wáyà ti lò sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa fi ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ lóṣooṣù. Bí wákàtí náà bá ti ń sún mọ́ 80, ẹ kọ̀wé béèrè wáyà tuntun lọ́jọ́ náà gan-an.