Fọ́tò Tí O Yà Ni Olùkọ́ Rẹ: Bí O Ṣe Lè Wá Àbùkù Rẹ̀ Kí O sì Tún Un Ṣe

Má ṣe dá fọ́tò lẹ́jọ́ lọ́jọ́ tí o yà á. Ohun tí o rí níbẹ̀ ṣì wà lọ́kàn rẹ, wàá sì máa rò pé inú àwòrán ló wà. Jẹ́ kí ó tó ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, yan mẹ́wàá, kí o sì fẹ̀ wọ́n dé 100% lójú kọ̀ǹpútà, torí ojú fóònù máa ń bo àbùkù mọ́lẹ̀.

"Kò dára" kì í ṣe ìdájọ́. Ká ní fọ́tò rí bàìbàì: ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á, oògùn wọn ò sì jọra. Bí gbogbo rẹ̀ bá fà sí apá kan náà, ọwọ́ rẹ ló gbọ̀n. Shutter ni ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé; 1/50 túmọ̀ sí pé ó ṣí fún ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí mm tó wà lára lẹ́ńsì: 50mm fẹ́ 1/50 ó kéré tán, 200mm fẹ́ 1/200. Bí sensor, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, bá jẹ́ irú kékeré tí wọ́n ń pè ní APS-C, 50mm fẹ́ tó 1/80. Bí ẹ̀yìn bá hàn kedere tó jẹ́ ẹni tó ń rìn nìkan ló bàìbàì, shutter ló lọ́ra. Bẹ̀rẹ̀ láti 1/250, kí o lo 1/1000 fún ẹni tó ń sáré. Bí etí bá hàn kedere ju ẹyinjú lọ, focus, ìyẹn ibi tí lẹ́ńsì mú kó hàn kedere jù, ló ṣì ibi gbé. Tí o bá sún mọ́ ènìyàn pẹ̀lú f/1.8, ìyẹn tí ojú lẹ́ńsì ṣí gan-an tí ibi tó hàn kedere sì tín-ín-rín, bó bá fara síwájú díẹ̀ báyìí, ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí wà nínú fáìlì fọ́tò. Kà wọ́n kí o tó di ẹ̀bi ru kámẹ́rà.

Wo etí àwòrán yíká pẹ̀lú: ọwọ́ tó gé lọ́rùn ọwọ́, òpó tó yọ lórí ènìyàn.

Àbùkù tó bá pọ̀ jù nínú mẹ́wàá náà ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn, òun nìkan. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn tó kún fún wúruwùru, fi ẹnì kan dúró sójú kan, lo lẹ́ńsì kan, kí o yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀dógún. Ìwọ nìkan ni kó máa rìn: kúnlẹ̀, yà sọ́tùn-ún, ti mítà mẹ́ta wá sí ọ̀kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá jọra, ìrìn rẹ ò tó. Má pa èyí tí kò dára rẹ́ o! Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó dára jù, kí o kọ ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ sílẹ̀ ní ìlà kan.

Bí o bá fi han ẹlòmíràn, má bi í bóyá ó dára, torí á fẹ́ mú inú rẹ dùn. Bi í pé ibo ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Bí kì í bá ṣe ibi tí o fẹ́, wá ohun tó mọ́lẹ̀ tàbí tó láwọ̀ jù níbi tó tọ́ka sí, kí o sì tún un yà láìsí i níbẹ̀.