Ẹni tó ń ké kọ́ la ń kọ́kọ́ wò
Bí táńkà bá gbiná ní márosẹ̀, tí wọ́n kó ogún èèyàn wá bá ẹ̀yin nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má sáré sọ́dọ̀ ẹni tó ń ké. Ẹni tó bá ń ké, ó ń mí. Ẹ pariwo pé: “Ẹni tó bá lè rìn, ẹ bọ́ sábẹ́ igi yẹn!” Ẹ wá ka bí àwọn tó kù ṣe ń mí. Bó bá ju 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ so àmì pupa mọ́ ọn lọ́wọ́, ìyẹn ẹni tí a ó kọ́kọ́ tọ́jú. Àgbàlagbà tí ò mí, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Bí ò bá ṣì mí, àmì dúdú ni, ìyẹn ẹni tí a ò lè gbà là mọ́; ẹ kọjá.

Ibẹ̀ ló le. Ìyàwó ọkùnrin kan tí mo so àmì dúdú mọ́ di aṣọ mi mú: “Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, ẹ má fi í sílẹ̀.” Mo sọ òótọ́ fún un, mo sì tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí sójà bá ní ọ̀gá òun lẹ máa kọ́kọ́ wò ńkọ́? Ẹ ka mímí ọ̀gá náà bíi ti awakọ̀ dáńfó.